Kóró Iṣin Pé, Ọmọ Ò Pé

Ọmọ àbúrò mi, Rùkáyá, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó parí ìwé rẹ̀ ní pólì, wọ́n sì pè é síṣẹ́ amọ̀nà ní igbó ààbò tí èmi náà ti ṣiṣẹ́ títí orúnkún mi fi kọ̀ mí sílẹ̀. Ó wá bá mi nílé ní Agbowó, ó ní, "Àǹtí Sìdí, ṣé kí n gbà á ni, àbí kí n ṣì máa wá iṣẹ́ báǹkì kiri?" Mo ní kó lọ jẹun ná. Kì í ṣe pé mi ò ní èsì. Èsì náà gùn ni, ó sì ti rẹ̀ mí. Nígbà tó yá ni mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ronú irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lè rí i kà.

Mo fẹ́ tètè sọ ohun kan, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá fọ́nnu. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ tirẹ̀ nítorí ohun tí ọwọ́ mi ṣe, mi ò sì la ẹnu mi. Ó lé lógún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n ń pè mí ní Màmá Igbó, wọ́n ń bá mi ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára mi bí ẹ̀gún tí ẹran ti bò mọ́lẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ fara balẹ̀, a máa débẹ̀.

Bí mo ṣe déṣẹ́ ò gùn. Ìwó ni bàbá mi ti kó wa wá sí Ìbàdàn. Mo ń ta bisikíìtì àti omi tútù fún àwọn tó ń wọkọ̀ ní Bódìjà. Bọ́ọ̀sì funfun kan máa ń dúró níwájú àtẹ mi láràárọ̀ Sátidé, yóò kó àwọn èèyàn lọ wo ẹranko nínú igbó kan lẹ́yìn Mọ́níyà, yóò sì dá wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn ń wá obìnrin tó lẹ́nu, tó lè máa bá àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn ìyá wọn sọ̀rọ̀. Mo lẹ́nu. Ní ti owó oṣù, ó bọ́ mi, kò sọ mí di olówó. Ó parí síbẹ̀.

Igbó náà ni mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, nítorí àwọn èèyàn ṣì máa ń ṣì í mú. Kì í ṣe ọgbà tí wọ́n ti ń ti kìnnìún mọ́lé. Ẹranko ilẹ̀ wa nìkan ló wà níbẹ̀: ọ̀bọ, ẹtu, ọ̀yà, akika, ìjàpá, àgbìgbò, agbe àti àlùkò. Àwọn kan, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn kan, ọwọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ létí títì la ti gbà wọ́n, ẹsẹ̀ wọn á ti kán, a ó máa tọ́jú wọn títí ara wọn á fi yá. Àlejò á ti Challenge wá, òmíràn á ti Ring Road wá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi ọ́ ni pé, "Kìnnìún dà?" A ó ní kò sí. "Erin ńkọ́?" Kò sí. "Kí lẹ wá ní gan-an?" A ó mú wọn dé ọ̀dọ̀ akika, ẹranko oníìpẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká. Wọn á wò ó títí, wọn á ní, "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?" Bàbá kan tọ́ka sí ọ̀yà lójú mi, ó ní bí òun bá rí iyán gbígbóná báyìí, òun ò ní padà sílé mọ́. Mo kọ́kọ́ máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọdún kẹwàá, mo kàn ń mí kanlẹ̀ ni.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Bàbá Ọdẹ́wálé. Ọdẹ ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹranko tí wọ́n ti ń yìnbọn fún ni wọ́n padà wá ń ṣọ́. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọn ò jẹ́ kí n bá àlejò kankan sọ̀rọ̀, èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ nítorí ẹnu. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ni kí o máa rìn. Ẹni tó wà níwájú ń fẹnu ṣiṣẹ́, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń fojú ṣe é. Ìgbà tójú rẹ bá là ni màá tó jẹ́ kí o lo ẹnu." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rìn lẹ́yìn, mo ń ṣa ọ̀rá omi tí wọ́n jù sílẹ̀, mo ń bá àwọn ọmọ wá bàtà tó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìpàkọ́ àwọn ará Ìbàdàn, kò sí irú èyí tí mi ò rí tán lọ́dún yẹn.

Bí kò bá sí àlejò, wọn á ní kí n jókòó sétí odò kékeré kan tí àwọn ìjàpá ń gbé, kí n má mira láti àárọ̀ títí oòrùn á fi dé àtàrí. Bí wọ́n bá dé, wọn á bèèrè pé kí ló wá mu omi. Bí mo bá ní ẹtu méjì, wọn á lọ wo ilẹ̀, wọn á ní, "Mẹ́ta ni. O sùn." Òótọ́ ni, mo máa ń sùn. Iṣẹ́ ìjókòó yẹn le ju ríro oko lọ, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.

Ohun tó burú jù nípa ẹ̀kọ́ wọn ni pé wọn kì í kìlọ̀. Bí wọ́n bá rí i pé o fẹ́ ṣìṣe, wọn á dákẹ́, wọn á máa wò ọ́. Mo tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀ lójú wọn rí. Wọ́n ti rí ìjàlọ náà kí n tó gbé ẹsẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n rí i. Mo fò sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìró mi nínú igbó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní, "Ó ta ọ́?" Mo ní ó ta mí. "Ó dáa. O ò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́ bí ìjàlọ ṣe rí." Mo bínú sí wọn títí a fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá àtijọ́ ṣe ń kọ́ni, ìbáà ṣe téló, ìbáà ṣe mẹkáníìkì. Wọ́n gbà pé ohun tó bá dunni là ń rántí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kóró iṣin. Ẹ mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Bí o bá nàka sí àwọn ọmọ ọlọ́mọ, tí o ń pe "ení, èjì, ẹ̀ta," ìyá wọn á bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ fi wọ́n ṣe. Àwọn tó ni igbó náà kọ́kọ́ ní ká máa ka orí àlejò lẹ́nu géètì, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Bàbá Ọdẹ́wálé ló dọ́gbọ́n sí i. Igi iṣin kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣa kóró rẹ̀ tó dúdú tó ń dán, wọ́n kó o sínú agolo mílíìkì. Bí àlejò bá ń wọlé, yóò mú kóró kan. Bó bá ń jáde, yóò dá a padà. Kóró la ń kà, a ò ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Bí kóró bá pé, èèyàn pé. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, pé kí amọ̀nà gba kóró náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó sì wo ojú rẹ̀. "Ọwọ́ kan, kóró kan, ojú kan," ni Bàbá máa ń wí. Ọdún méjì gbáko ni wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan agolo yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, ìjọ aláṣọ funfun kan láti Agbowó níbí ló kó àwọn ọmọ wọn wá. Bọ́ọ̀sì méjì ni. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá wọ aṣọ àdúrà. Mo ní ẹ̀gún wà nínú igbó. Ìyá Ìjọ wọn, obìnrin kan tó sanra tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ní ilẹ̀ mímọ́ ni gbogbo ibi tí Ọlọ́run dá. Mo ní kò burú. Wọ́n tún ní, "Arábìnrin, ẹ má ka àwọn ọmọ wa o." Mo ní, "Màámi, a kì í kà wọ́n." Mo gbé agolo, mo pín kóró fún tọmọdé tàgbà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́. Mo ti dẹni tó ń di agolo mú.

Ìrìn náà dára. Ọ̀bọ jáde sí wọn, agbe fò kọjá, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a dé odò ìjàpá, ọmọbìnrin kan, bí ọmọ ọdún méje, kọ̀ láti kúrò níbẹ̀. Ó lóṣòó sétí omi, ó ń bá àwọn ìjàpá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Ṣadé ló ń jẹ́. Mo fà á lọ́wọ́, mo ní ó ti tó àkókò, ó sì bá mi wá.

Nígbà tí a fẹ́ jáde, mo dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú agolo mi. Bàbá Ọdẹ́wálé wà lábẹ́ igi iṣin, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi lọ, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ tò. Ọwọ́ kan, kóró kan, ojú kan. Mo ṣe é dáadáa dé ìdajì wọn. Ìgbà náà ni Ìyá Ìjọ wá dúró tì mí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀mí ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ."

Mùsùlùmí ni mí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn, mi ò tíì lọ́kọ, ìyá mi sì ń sunkún lé mi lórí ẹní ìkírun. Ta ló fẹ́ kí n dití? Mo ní, "Kí ló wí, Màámi?"

Wọ́n ní, "Mo rí ọkọ rẹ. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Báàgì dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo yíjú sí wọn pátápátá. Mo bèèrè bóyá ó ga. Mo bèèrè bóyá ó pupa. Agolo wà lọ́wọ́ mi, kóró ń dún nínú rẹ̀, kó, kó, kó, ṣùgbọ́n ojú mi ò sí níbẹ̀. Ojúlé kẹrin sí tiwa ni ọkọ tí mo padà fẹ́ ń gbé, kò sì gbé báàgì kankan.

Nígbà tí mo ka kóró, ó pé géérégé. Mo ké sí Bàbá, mo ní, "Ó pé o, Bàbá." Wọ́n wò mí fúngbà díẹ̀. Akọ̀wé yọrí láti ọ́fíìsì pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé kan, wọ́n sì lọ. Àwọn ará ìjọ ti ń kọrin yí bọ́ọ̀sì ká, àwọn dírẹ́bà ń fun fèrè nítorí wọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ dí mọ́ àwọn ní Òjóò. Agbowó ni èmi náà ń gbé, mo bá wọn wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, a gbéra.

Àwọn ìyá ti ń dúró ní àgbàlá ìjọ nígbà tí a dé. Oníkálùkù mú ọmọ tirẹ̀, wọ́n ń lọ. Ó ku obìnrin kan. Ó yọjú sínú bọ́ọ̀sì kejì, ó padà wá wo ti àkọ́kọ́, ó tún padà síbi kejì. Ó ní, "Ṣadé mi dà?" Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti rò pé kejì ló wọ̀, àwọn ti kejì rò pé àkọ́kọ́ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Tóyìn bú sẹ́kún. Ó ní Ṣadé ní kí òun bá a mú kóró rẹ̀ dání, pé ó fẹ́ lọ sọ fún àwọn ìjàpá pé ó dàbọ̀, pé ó ń bọ̀ báyìí. Tóyìn sọ kóró méjèèjì sínú agolo mi. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà? Wọ́n ní kí wọ́n dá kóró padà, ó dá a padà.

Ìyá Ṣadé ò lù mí, kò sì bú mi. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi sán ìdí, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ gbé mi débẹ̀." Fóònù alágbèéká ò tíì dé ọwọ́ irú wa nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí a lè pè. Òjóò sì ti dí. Inú gbogbo ìdúró yẹn ni obìnrin náà ti ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun. Èmi jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ amọ̀nà dára, ẹ má bi mí nípa owó oṣù. Ìjókòó yẹn ni kẹ́ ẹ bi mí.

A bá Bàbá lẹ́nu géètì, wọ́n ń gbálẹ̀ lábẹ́ igi. Mo sáré bá wọn, mo ní, "Bàbá, ọmọ kan ṣẹ́kù."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin kékeré yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò bèèrè nǹkan mìíràn. Wọ́n mú àdá, wọ́n forí lé ọ̀nà odò ìjàpá tààrà, àwa ń sáré tẹ̀lé wọn. Ẹsẹ̀ ọmọ hàn nínú ẹrẹ̀ létí omi, ẹsẹ̀ lásán tí kò sí bàtà. Ó yí odò ká lẹ́ẹ̀kan, ó wá gba apá ibi tí kì í ṣe ọ̀nà. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a rí aṣọ funfun lókèèrè. Ó jókòó sórí igi tó wó, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ìjàlọ ti ta á láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Ó ti ké títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ó rí ìyá rẹ̀, ó la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ìyá rẹ̀ gbé e lé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìjàlọ lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ ìjàlọ mọ̀ pé bí o bá fà á, ara á já, orí á kù sínú awọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń fà á, kò sunkún, ó ń fà á.

Gbogbo èèyàn ń yin Bàbá Ọdẹ́wálé. Wọ́n ní ọdẹ gidi ni wọ́n, pé ṣe ló dà bí ẹni pé igbó sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Bàbá ò dá ẹnì kankan lóhùn. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ohùn ọmọ náà tó padà, mo gbọ́ ọ ládùúgbò. Mi ò débẹ̀ lọ kí wọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn ọ̀gá pè wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ta ló gba kóró lọ́jọ́ náà? Mo ti la ẹnu. Bàbá ní, "Èmi ni. Ẹ̀bi mi ni." Àwọn ọ̀gá wo ojú mi, mo wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n dá Bàbá dúró lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Bàbá ń di ẹrù wọn, wọ́n ní, "Ó dìgbà, Sìdí. La ojú rẹ o," wọ́n sì lọ sílé ọmọ wọn ní Àpáta.

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Bàbá mi ń ṣàìsàn, èmi ni mò ń gbọ́ bùkátà. Ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló pọ̀ jù. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn, pé ọ̀rọ̀ ọkọ ni mò ń gbọ́ tí ọmọ ọlọ́mọ fi sọnù? Mo ní màá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ohun tí kò bá jáde lẹ́nu lọ́jọ́ tó yẹ kó jáde, ńṣe ló ń wúwo sí i.

Wọ́n da kóró iṣin nù. Wọ́n ní ká máa kọ orúkọ sínú ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n mú okùn ọwọ́ tó ní nọ́ńbà wá. Báyìí, fóònù ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Èmi ò gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fọwọ́ kan orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á sókè. Wọ́n bú mi. Ìyá kan láti Dùgbẹ̀ ní àjẹ́ ni mí. Mo ní, "Ẹ bú mi tán, Màmá, kí ọmọ yín ṣáà ti wọkọ̀."

Nǹkan yí padà lójú mi. Àlejò ń kẹ̀yìn sí ẹtu kí wọ́n lè ya fọ́tò ara wọn pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá máa yíjú padà, ẹtu ti lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi fóònù rẹ̀ ké bí àgbìgbò. Àgbìgbò dá a lóhùn, ó wá títí ó fi bà sórí igi, kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, àánú ẹyẹ náà ń ṣe mí. Ilé ti ń sún mọ́ igbó láti apá Mọ́níyà. Bí o bá dúró sétí odò ìjàpá lónìí, ẹ́ńjìnnì iná àwọn ará ibẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀bọ ń wọ ilé ìdáná wọn, wọ́n ní àwa là ń rán an. Mo ṣàlàyé títí. Nígbà tó yá, orúnkún mi ò gba òkè mọ́, mo ní ó tó.

Bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn. Lẹ́yìn tí Rùkáyá bi mí ní ìbéèrè yẹn, oorun mi ò dára mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ó gba iṣẹ́ náà tàbí kí ó má gbà á, nígbà tí mi ò tíì sọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀ fún ẹni tí mo ṣe é sí? Mo ra ọsàn, mo wọkọ̀ lọ sí Àpáta. Mo bá Bàbá Ọdẹ́wálé lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ wọn lórí ilẹ̀ lásán. Wọ́n ti súnkì, ṣùgbọ́n wọ́n dá mi mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Sìdí. O ṣì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì. Ọjọ́ tí ọmọ sọnù, ojú mi ò sí lára agolo. Ọ̀rọ̀ ọkọ ni mò ń gbọ́ lẹ́nu Ìyá Ìjọ. Ẹ̀yin lẹ gbé ẹ̀bi mi rù, mi ò sì sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí."

Wọ́n wá ní, "Dìde. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ ni mo gbé."

Mo ní, "Èmi ni mo gba kóró, Bàbá."

Wọ́n ní, "Mo rí i. Mo rí ọmọ yẹn nígbà tó fi kóró rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, tó yí padà sọ́nà odò. Mo rí èkejì tó sọ méjì sínú agolo. Mo rí ojú rẹ lọ́dọ̀ obìnrin yẹn. Mo ní kí n dákẹ́ ná. Mo ní kí o kà á tán, kí o pariwo pé ó pé, kí n wá fi hàn ọ́ níwájú gbogbo wọn pé kò pé, ojú á tì ọ́, o ò ní gbàgbé láéláé. Akọ̀wé wá pè mí. Nígbà tí mo máa jáde, bọ́ọ̀sì ti lọ. Mi ò rí ọmọ kankan lẹ́nu géètì. Mo ní Sìdí á ti fura, á ti lọ mú un wá. Mo mú ìgbálẹ̀, mò ń gbálẹ̀."

Mo dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà," ni Bàbá wí. "Èmi wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́ lójú mi, mo dúró, mò ń wò ó, mo fẹ́ fi kọ́ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n."

Inú bí mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá wọn dúró ni mo ti ń gbàdúrà fún wọn lórí ẹní ìkírun pé Ọlọ́run ó san án fún wọn, ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ gbà mí sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò bá ti wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo," ni wọ́n wí tẹ̀lé mi. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún. Mo fẹ́ tún bínú sí i, ó rẹ̀ mí. Ó rẹ àwa méjèèjì. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ṣé wàá dárí jì mí?"

Mo ní, "Kì í ṣe èmi lẹ ṣẹ̀, Bàbá. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ náà ṣì wà? O mọ ilé rẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n. Agbowó kan náà la jọ ń gbé, títì kan ló là wá láàárín. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn sọnù títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà tí mo fi wá sí Àpáta, ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbà kọjá, kí n má baà gba iwájú ilé wọn.

Mo dìde, mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Bàbá, bàtà yín dà?"